Dísìkì ẹ ò lọ́ra, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ló lọ́ra: Commodore 64 àti díráìfù 1541

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ káalẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Mo ra Commodore 64 kan, kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ yẹn, pẹ̀lú díráìfù 1541 tó ń bá a ka dísìkì, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ní car boot sale níbí ní Manchester. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tí mo bá ní kí n ṣí géèmù kan ṣoṣo, màá gbé omi kaná, màá po tíì, màá mu ún tán kó tó ṣí. Ẹnì kan ní kí n lọ yí ROM inú ẹ̀, chip tí wọ́n kọ ètò iṣẹ́ ẹ̀ sí, padà sí JiffyDOS tó máa mú un yára, ẹlòmíì ní cartridge tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ti tó, ẹlòmíì tún ní díráìfù yẹn ti darúgbó ni, kí n jù ú nù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ẹ̀rù sì ń bà mí láti ṣí i, ẹ má bínú."

Àbúrò mi, má jù ú nù o, jọ̀ọ́. Tíì tó ò ń mu yẹn, gbogbo àwa tá a ní 1541 nílé la ti mu ún rí. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló sọ díráìfù yẹn di ọ̀lẹ, bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn, àtìgbà tó ti jáde ní 1982 làwọn èèyàn ti ń bú u. Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn, méjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹni tó ní kó o jù ú nù yẹn, má jẹ́ kó débi tó o kó ẹrù sí. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ìlọ́ra yẹn ti wá fún ẹ, torí tó ò bá mọ̀ ọ́n, owó lo máa kàn máa ná káàkiri, ibi tó ń dunni á ṣì máa dunni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé 1541 kì í ṣe díráìfù lásán bíi ti inú PC. Odindi kọ̀ǹpútà ni. Ó ní 6502 tiẹ̀ nínú tó ń sáré ní 1 MHz, ìyẹn ni pé ọpọlọ inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Commodore 64 fúnra ẹ̀ dọ́gba, ó ní RAM 2 KB, ó ní ROM 16 KB tí wọ́n kọ DOS, ètò tó ń darí dísìkì, sí, ó tún ní chip 6522 méjì, ọ̀kan ń bá wáyà ìta sọ̀rọ̀, ìkejì ń darí mọ́tò àti hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ohun tó ń ka dísìkì. Ó tún gbé páwá tiẹ̀ sínú, ìdí nìyẹn tó fi wúwo bíi búlọ́ọ̀kù tó sì máa ń gbóná bíi áyọ́ọ̀nù. Torí náà tó o bá tẹ LOAD, Commodore 64 ẹ ò fọwọ́ kan dísìkì rárá, ṣe ló ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kejì pé jọ̀ọ́ bá mi mú fáìlì báyìí wá, ìyẹn á lọ wá a, á sì máa kà á fún un lórí wáyà.

Wá jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Dísìkì yẹn ń yí nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 5 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Òbìrí òbìrí ni wọ́n pín ojú dísìkì sí, ìyẹn ni tíráàkì, wọ́n sì gé tíráàkì sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ni sẹ́kítọ̀. Láti tíráàkì 1 dé 17, sẹ́kítọ̀ 21 ló wà lórí tíráàkì kọ̀ọ̀kan, báìtì 256 ló sì wà nínú sẹ́kítọ̀ kan. 21 lọ́nà 5 lọ́nà 256, ó jẹ́ 26,880. Báìtì tó lé ní 26,000 ló ń gba abẹ́ hẹ́ẹ̀dì kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan. Mélòó ló wá ń dé inú kọ̀ǹpútà ẹ? Bíi 400. Irínwó péré! Fáìlì tó bá tó búlọ́ọ̀kù 202 (sẹ́kítọ̀ kan ni búlọ́ọ̀kù kan), bíi báìtì 51,000 nìyẹn, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 2 àti sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ lé. Tíì ẹ ti jinná.

Ṣó o ti rí i báyìí pé dísìkì kọ́ ló lọ́ra? Àárín àwọn méjèèjì ni wàhálà wà. Ṣe ló dà bí ìyá onígàrí tó ní odindi àpò lẹ́yìn, tó wá ń ka gàrí fún ẹ ní wóró kọ̀ọ̀kan, tó sì ń béèrè lẹ́yìn wóró kọ̀ọ̀kan pé ṣó o ti gbà á, ìwọ náà á ní mo ti gbà á, kó tó ju wóró kejì sí ẹ lọ́wọ́. Gàrí ò wọ́n, kóńgò ni ò sí.

Kóńgò wà tẹ́lẹ̀ o, wọ́n gbé e sọnù ni. Kọ̀ǹpútà PET tí Commodore ṣe ní 1977 ń lo wáyà IEEE-488, odindi báìtì kan ló ń kọjá lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, bíìtì mẹ́jọ lórí wáyà mẹ́jọ. Jim Butterfield, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ará Commodore nígbà ayé ẹ̀, ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀: wáyà yẹn wọ́n, ó sì di pé wọn ò rí i rà mọ́ lọ́jà, ni Jack Tramiel tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá bá ní kọ̀ǹpútà tó ń bọ̀ ò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́, kí wọ́n wá wáyà pọ́ọ́kú. Ni wọ́n bá ṣe sérìà fún VIC-20, kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Commodore 64, bíìtì kan tẹ̀lé ìkan. Ìyẹn gan-an ì bá má burú, torí inú chip 6522 ibì kan wà tó yẹ kó máa ti bíìtì jáde fúnra ẹ̀, kí 6502 kàn gbé báìtì fún un kó sì kọjú sí iṣẹ́ míì. Àṣé àléébù wà lára apá ibẹ̀ nínú chip yẹn, ìgbà tí wọ́n máa fi mọ̀, ọjà ti fẹ́ jáde. Wọ́n bá fi software ṣe é: 6502 fúnra ẹ̀ ni kó máa fọwọ́ gbé wáyà sókè sódò, bíìtì kan, ó dúró, bíìtì kan, ó dúró.

Ìgbà tó wá kan Commodore 64, chip tuntun tí wọ́n fi síbẹ̀, 6526, ò ní àléébù yẹn mọ́, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí díráìfù kan náà ṣì lè bá VIC-20 ṣiṣẹ́, wọ́n bá gbé àrùn àtijọ́ wọ ilé tuntun. Wàhálà míì tún wá dé. VIC-II, chip tó ń ya àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn ìlà mẹ́jọ mẹ́jọ ó máa ń dá ọpọlọ kọ̀ǹpútà dúró fún bíi ìdá 40 nínú mílíọ̀nù kan sẹ́kọ́ńdì kó lè rí ohun tó fẹ́ kà kà. Díráìfù VIC-20, tí wọ́n ń pè ní 1540, ò mọ̀ pé ẹni tóun ń bá sọ̀rọ̀ ti dákú díẹ̀, ṣe ló ń bá tiẹ̀ lọ, bíìtì á sì sọnù. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n yí ROM díráìfù padà kó lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní 1541. Kódà àṣẹ kan ṣì wà nínú ẹ̀, UI-, tó o lè fi sọ fún un kó padà sí eré VIC-20. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí àṣẹ yẹn, ó dà bíi pé wọ́n de ẹṣin mọ́lẹ̀ tí wọ́n wá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Firmware, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ sínú ROM, ni wọ́n fi de e, firmware náà la sì fi ń tú u. Ẹni tó ní kó o yí ROM padà ò purọ́.

Àmọ́ kó o tó ná kọ́bọ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìlọ́ra tìẹ jẹ́ àbímọ́ni nìkan, àbí àìsàn ti kún un, torí firmware kan ò lè wo hẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí sàn. Tẹ LOAD"$",8 kó o sì tẹ LIST, wàá rí iye búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tó bá tó búlọ́ọ̀kù 100 yẹ kó lò bí ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Mú fóònù, ka àkókò ẹ̀. Tó bá bọ́ sí bẹ́ẹ̀, ara díráìfù ẹ le, bí ìyá ẹ̀ ṣe bí i nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó o sì ń gbọ́ gba-gba-gba-gba nínú ẹ̀, tí iná pupa ń ṣẹ́jú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ JiffyDOS, díráìfù ò rí sẹ́kítọ̀ kà ni, ó ń padà lọ ń padà bọ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ kó sọ fún ẹ, kọ ìlà mẹ́rin yìí:

10 OPEN 15,8,15
20 INPUT#15,A,B$,C,D
30 PRINT A;B$;C;D
40 CLOSE 15

O gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ìlà sí i bẹ́ẹ̀ kó o sì tẹ RUN, tó o bá kàn tẹ INPUT# lófìfo ó máa bínú sí ẹ. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan díráìfù, 73 ló máa dá padà pẹ̀lú orúkọ ara ẹ̀, CBM DOS V2.6 1541. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí iná pupa ṣẹ́jú lo béèrè, tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ wá jẹ́ 20 sí 24 tàbí 27, kò rí nǹkan kà nìyẹn, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ tíráàkì àti sẹ́kítọ̀ tó ti kọsẹ̀. Wo tíráàkì yẹn dáadáa. Tíráàkì 18 ni àkọsílẹ̀ orúkọ fáìlì wà, láàárín gbùngbùn, láti ibẹ̀ sì ni 1541 ti máa ń kún dísìkì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé orúkọ fáìlì ń jáde kíá, àmọ́ tó ń kọsẹ̀ tó bá ti sún mọ́ 1 tàbí 35, á jẹ́ pé hẹ́ẹ̀dì ti yẹ̀ lójú ọ̀nà. Díráìfù yìí ò ní ohun tó ń sọ fún un pé ó ti dé tíráàkì àkọ́kọ́, ṣe ló ń forí gbá ògiri títí á fi mọ̀ pé òun ti débẹ̀, ariwo tó ò ń gbọ́ nìyẹn tó o bá ń fọ́ọ́máàtì dísìkì, ìgbá orí mọ́ ògiri yẹn náà ló sì ń yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Kó o tó sọ pé ó ti yẹ̀, nu hẹ́ẹ̀dì ná. Òwú tí wọ́n fi ń nu etí, isopropyl alcohol tó mọ́, rọra nù ún, má fi agídí ṣe é, pátákó fẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lókè tó ń tẹ dísìkì mọ́ hẹ́ẹ̀dì yẹn, tó o bá fà á já, o ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Gbìyànjú dísìkì míì náà, torí dísìkì tó ti lo ogún ọdún nínú gáráàjì òyìnbó máa ń hu ìmù, ìmù yẹn ló sì máa ń bo hẹ́ẹ̀dì. Tó o bá rí funfun bíi ẹfun lójú dísìkì, má kì í bọ̀ ọ́.

Ó dáa, ká ní ara ẹ̀ le. Ẹni tó ní cartridge ti tó yẹn, òun náà ò jìnnà sí òtítọ́. Epyx Fast Load jáde ní 1984, Action Replay náà wà, Final Cartridge III náà wà, èyí tí wọ́n ṣe ní Netherlands. Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń fi kóòdù kékeré ránṣẹ́ sínú RAM 2 KB tó wà nínú díráìfù, wọ́n á ní kó gbàgbé ti ROM, kó wá máa ṣe bí kóòdù yẹn ṣe wí. Firmware ìyálò ni. Bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́ láràárọ̀ tíyẹn ń gbàgbé lálaalẹ́, tó o bá ti pa á tó o tún tàn án, o tún máa kọ́ ọ. Ó dára fún ẹni tí ò fẹ́ ṣí nǹkan, o kàn máa kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni. Àmọ́ LOAD ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n mú yára, tí prógíráàmù bá fúnra ẹ̀ ṣí fáìlì tó ń kà á díẹ̀díẹ̀, bíi ohun tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, o padà sí wóró gàrí ẹ nìyẹn. Òmíì nínú wọn á sì pa ojú tẹlifíṣọ̀n ẹ dúdú tó bá ń ṣiṣẹ́, kí VIC-II yẹn má bàa dí i lọ́wọ́.

JiffyDOS wá yàtọ̀. Mark Fellows ló kọ ọ́, 1985 ló jáde, nígbà tó yá ilé-iṣẹ́ Creative Micro Designs ní East Longmeadow, Massachusetts, ló ń tà á, títí dòní sì làwọn èèyàn ṣì ń rà á. Ohun tó ṣe ni pé ó yí ROM méjèèjì padà, ti inú kọ̀ǹpútà àti ti inú díráìfù, kí àwọn méjèèjì lè jọ gbọ́ èdè tuntun. Fi ọkàn sí "méjèèjì" yẹn o. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ rà á, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni mo fi sí i, mo tan nǹkan, mo tẹ LOAD, ìṣẹ́jú méjì kan náà! Mo fẹ́ẹ̀ bá ẹni tó tà á fún mi jà, mo ti ń kọ lẹ́tà ìbínú lọ́wọ́ kí n tó rí i pé chip kejì ṣì wà nínú ike níwájú mi. Ẹnì kan ń sọ èdè tuntun, ẹnìkejì ò gbọ́, ni wọ́n bá ń bá ti àtijọ́ lọ.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Wáyà méjì tó ṣe pàtàkì ló wà láàárín wọn, ọ̀kan ń gbé bíìtì, ìkejì ń ṣe "ṣó o ti ṣe tán, mo ti ṣe tán". JiffyDOS ní kí àwọn méjèèjì máa gbé bíìtì, torí náà bíìtì méjì méjì ló ń kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin báìtì kan ti pé, kò sì sí pé à ń béèrè lẹ́yìn bíìtì kọ̀ọ̀kan mọ́, torí àwọn ọpọlọ méjèèjì ń sáré ní nǹkan bíi 1 MHz, wọ́n kàn jọ ń ka àkókò sínú ni, bí àwọn onílù méjì tí ò wojú ara wọn tí ọwọ́ wọn ṣì ń bọ́ síra. Ti VIC-II tó ń dákú yẹn ńkọ́? Kí báìtì kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ó máa wo ibi tí VIC-II dé lójú tẹlifíṣọ̀n, tó bá rí i pé ìlà burúkú, èyí tó ń dá ọpọlọ dúró yẹn, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó máa dúró kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ojú tẹlifíṣọ̀n kì í fi í dúdú. Eré ẹ̀ tó bíi ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ lórí LOAD, ìṣẹ́jú méjì ẹ á di nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlá.

Ibi tó wù mí jù níbẹ̀ ni bó ṣe ń dá ẹni ẹ̀ mọ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ń pe díráìfù, tó bá ku bíìtì kan tó gbẹ̀yìn, ó máa mọ̀ọ́mọ̀ fà á díẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Díráìfù tó ní JiffyDOS á rí i pé ó fà á, á sì fi wáyà dáhùn pé èmi náà rèé. Èyí tí ò ní in á rò pé ó kàn pẹ́ ni, kò ní ka nǹkan kan sí. Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà méjì ṣe ń bára wọn pàdé nínú bọ́ọ̀sì ní London ni, ọ̀kan á kàn fa ọ̀rọ̀ kan bí wọ́n ṣe ń fà á nílé, tí ìkejì bá jẹ́ ọmọ ilé á dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá wọ inú ẹ̀ka èdè wọn lọ, tí kì í bá ṣe ọmọ ilé, wọ́n á máa sọ Yorùbá gbogbo ayé lọ. Torí ẹ̀ ni prínítà àti díráìfù àtijọ́ tó ò tíì yí padà ṣe lè wà lórí wáyà kan náà láìsí ìjà.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì náà tún wà tí wàá gbádùn. Dípò kó o máa kọ LOAD gbọọrọ, àmì / ti tó fún LOAD, ọfà tó kọjú sókè fún kó ṣí i kó sì bẹ̀rẹ̀, @ fún àṣẹ díráìfù. Ìgbá orí mọ́ ògiri yẹn náà ti dín kù jọjọ. Àmọ́ gbogbo ohun dáadáa ló ní ohun tó gbà lọ: ROM kọ̀ǹpútà yẹn ò ju 8 KB lọ, àyè ò sí, torí náà wọ́n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀ kí ti JiffyDOS lè rí àyè. Níbi tó o wà ní Britain yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ géèmù nígbà náà lọ́hùn-ún, tí bàbá yẹn bá kó páálí kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ọn fún ẹ, má bínú tó ò bá rí i lò. Ojútùú ẹ̀ ni súwíìṣì. ROM méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, máa wà nínú chip kan, súwíìṣì kékeré á máa mú èyí tó o bá fẹ́. Kọ̀ǹpútà á ní tiẹ̀, díráìfù á ní tiẹ̀. Má rà á láìsí súwíìṣì, èmi sọ bẹ́ẹ̀.

Súwíìṣì yẹn tún wúlò fún nǹkan míì, torí o ní géèmù lo fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n tà lórí dísìkì gbé ọgbọ́n eré tiẹ̀ wá, òun náà á fi kóòdù tiẹ̀ sínú RAM díráìfù, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, JiffyDOS ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Torí náà apá àkọ́kọ́ ni wàá rí i kó yára, ìyókù á máa lọ bí ẹni tó kọ géèmù ṣe fẹ́. Díẹ̀ nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ ROM àtijọ́ débi pé wọ́n ń pe ibì kan pàtó nínú ẹ̀, tí wọn ò bá bá a níbẹ̀ wọ́n á gan. Yí súwíìṣì padà, pa á, tún un tàn, ó tán.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í sọ, wọ́n á fi JiffyDOS sí i tán wọ́n á tún máa ṣàròyé pé kò tó bí wọ́n ṣe polówó ẹ̀. Wo bí sẹ́kítọ̀ ṣe tò lórí dísìkì. Fáìlì ò tò ní 1, 2, 3, 4. ROM àtijọ́ máa ń fo mẹ́wàá mẹ́wàá, torí ó mọ̀ pé bóun bá ka sẹ́kítọ̀ kan tán, kóun tó fi í ránṣẹ́ tán, dísìkì á ti yí lọ. Bíi bọ́ọ̀sì ni, tí èyí tó o fẹ́ bá ti kọjá ní bọ́sítọ́ọ̀pù, o máa dúró kó lọ yípo kó tó padà dé, ìyípo kan sì jẹ́ ìdá márùn-ún sẹ́kọ́ńdì. JiffyDOS tètè ṣe tán, kò nílò fífò tó pọ̀ tó yẹn, tó bá wá jẹ́ dísìkì àtijọ́ tí wọ́n ti fo mẹ́wàá mẹ́wàá lé lórí, ó ti ṣe tán ó tún ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ohun tó yẹ kó o ṣe ni kó o fi JiffyDOS tún àwọn fáìlì tó o ń lò jù kọ sórí dísìkì míì, wàá rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí SpeedDOS àti DolphinDOS kí ẹnì kan má bàa tún fi wọ́n dà ẹ́ láàmú. Àwọn yẹn ò ní sùúrù fún sérìà rárá, wọ́n da kóńgò padà. Wáyà mẹ́jọ ni wọ́n fà láti ẹ̀yìn Commodore 64 lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí ò níṣẹ́ lára ọ̀kan nínú 6522 díráìfù, wọ́n sì yí ROM méjèèjì padà, DolphinDOS tún fi RAM 8 KB kún ti díráìfù kó lè ka odindi tíráàkì lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì oníṣẹ́jú méjì, sẹ́kọ́ńdì mélòó kan! Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀kan wà nílé mi, àmọ́ sísọ́dà tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ṣíṣí páálí ń bà yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù wá kàn. Ẹ̀rù díẹ̀ dáa o, iná ilé wà nínú 1541 fúnra ẹ̀, torí náà yọ wáyà lára ògiri, jẹ́ kó sinmi, kó o tó fa ṣukurú àkọ́kọ́. Páwá Commodore 64 àtijọ́, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí pa, tún burú ju ìyẹn lọ, torí tó bá fẹ́ kú, fóltì 5 ẹ̀ máa ń gòkè ni, á sì jó chip RAM ẹ mọ́lẹ̀. Fi mítà wò ó, tó bá ti kọjá 5.2, má kì í bọ kọ̀ǹpútà mọ́, ra tuntun tí wọ́n ń ṣe báyìí. Èyí gan-an ṣe pàtàkì ju JiffyDOS lọ.

Inú kọ̀ǹpútà, chip tó ò ń wá ni U4 lára pánẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ 24 ló ní. Tó bá wà nínú sókẹ́ẹ̀tì, orí ti ṣe ẹ́ nìyẹn, o kàn máa rọra hú u sókè lápá ọ̀tún díẹ̀, lápá òsì díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n sọ́dà á mọ́ ọn, gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, má fi pánẹ́ẹ̀lì ogójì ọdún kọ́ sísọ́dà. EPROM tí wọ́n ń kọ nǹkan sí láyé òde òní, ẹsẹ̀ 28 ló ní, kò lè bá ojú ihò yẹn mu láìsí adapter, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tà á pọ̀ mọ́ ọn. Ti C64C, Commodore 64 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn, tó ní pánẹ́ẹ̀lì kékeré 250469 yàtọ̀, ROM BASIC àti KERNAL (KERNAL ni èyí tí JiffyDOS ń rọ́pò) wà nínú chip kan ṣoṣo níbẹ̀. Díráìfù náà bẹ́ẹ̀, 1541 àkọ́kọ́ pín ROM ẹ̀ sí méjì, 1541-II ní ẹyọ kan. Gbogbo chip ló ní kòtò kékeré lórí, kí kòtò tuntun kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Èmi ti fi ọ̀kan sí i lódìkejì rí, mo tan án, mo gbọ́ òórùn, ìka mi jó nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Yà á ní fọ́tò kó o tó yọ ohunkóhun, ìyẹn ni mo kọ́ níbẹ̀.

Tó bá wá rẹ̀ ẹ́ pátápátá, àwọn ẹ̀rọ SD káàdì tó ń rọ́pò díráìfù wà. SD2IEC gbọ́ JiffyDOS, àmọ́ kò ní 6502 nínú, torí náà géèmù tó bá fẹ́ fi kóòdù tiẹ̀ sínú díráìfù lè má bá a ṣe. Pi1541 àti 1541 Ultimate ń ṣe bí odindi 1541, o sì lè fún wọn ní ROM JiffyDOS jẹ. Wọ́n dáa. Kò kàn sí ariwo mọ́ ni, èmi sì fẹ́ràn ariwo yẹn.

Tìẹ báyìí: ka àkókò fáìlì kan lálẹ́ òní kó o sì béèrè ohun tó ń ṣe díráìfù lọ́wọ́ ẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yẹn. Tí kò bá sí àìsàn, nu hẹ́ẹ̀dì, yí páwá padà, rí cartridge kan yá fún oṣù kan kó o fi mọ̀ bóyá géèmù lo máa ń ṣe jù ni àbí wàá fẹ́ kọ nǹkan lórí ẹ̀. Tó o bá wá pinnu lórí JiffyDOS, ṣí i, má yọ nǹkan kan, wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ASSY, wò ó bóyá U4 wà nínú sókẹ́ẹ̀tì, kó o fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.